Èmi Ni Mo Ń Di Báńdéèjì Mọ́ Ẹsẹ̀ Bàbá Sójà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, n kò sì lè gbé e mọ́. N kì í lè jókòó jẹun tán. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ àga títí ẹni tó jókòó tì mí á fi bojú wò mí. Mo máa ń dìde láìnídìí. Mo máa ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn aṣòfin ń padà bọ̀ ní àdúgbò wa. Bí n kò bá la ẹnu mi kí wọ́n tó dé, irọ́ tí mo pa ní kọ̀rọ̀ yóò wọ inú òfin, àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ni yóò sì máa jìyà rẹ̀.

Kí n tètè sọ eléyìí náà. Èmi gan-an ti bú èèyàn rí lójú ìwé yìí. Obìnrin kan jẹ́wọ́ níbí pé òun ba iṣẹ́ ọ̀rẹ́ òun jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, èmi ni mo kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ojú kò tiẹ̀ tì í. Arábìnrin mi, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti kàn mí.

Monrovia ni mo ń gbé. Àwọn òbí mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá tajà ní Waterside kí wọ́n tó bí mi, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Ó ku èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, Rótìmí. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, torí màá tún fi ṣe àwáwí tó bá yá.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ibì kan wà ní Clara Town tí a ti ń wọn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ìjọ wa ló yọ̀ǹda yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Kollie, ọmọ Liberia, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Iṣẹ́ tèmi ni kí n po P.O.P., ẹfun tí àwọn dókítà fi ń di egungun tó ṣẹ́, kí n fi wé ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà, kí n dúró kó le díẹ̀, kí n sì bọ́ ọ bí ẹní bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Èèpo funfun ló máa ń jáde, tó gbé àwòrán ẹsẹ̀ onítọ̀hún gẹ́lẹ́. Kó tó gbẹ, a ó fi ìṣó kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ara rẹ̀.

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, a ó to gbogbo èèpo náà sínú àpótí, mọ́tò á kó o lọ sí Accra. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi èèpo rẹ ṣe, ìwọ ló máa bá mu. Bí ẹlòmíì bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kò ní wọlé, tàbí kó máa yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ni ètò náà wà fún, ìbáà ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ìbáà ṣe àwọn tó wá láti ìlú mìíràn wá pẹ̀tù sí ogun tí wọn kò padà lọ mọ́. Bí àwọn tó ń fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wa ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. N kò bá wọn jà lórí rẹ̀ rárá, títí dìgbà tó kan ilé mi.

Bàbá Sójà wà lára àwọn tó wá láti ìlú mìíràn. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n. Àwọn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n kó wá síbí nígbà ogun. Ohun tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ló bú gbàù mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ òsì, tí wọ́n fi gé e lábẹ́ orúnkún. Obìnrin Liberia kan ló tọ́jú wọn, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì dúró. Obìnrin náà ti kú báyìí. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe níwájú ilé wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá, wọ́n á máa kí àwọn ọmọdé bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa dá a padà.

N kò fẹ́ sọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n bí mo bá fi pamọ́, a jẹ́ pé n kò tíì jẹ́wọ́. Nígbà ogun, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá kọjá orí afárá, Bàbá Sójà ló gbé Rótìmí sẹ́yìn sọdá. Ọmọ ọwọ́ ni Rótìmí nígbà yẹn. Èmi di aṣọ wọn mú lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wọn pé méjì nígbà náà.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ẹ̀yìn rìn lu Rótìmí ní Waterside. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n gé, lábẹ́ orúnkún. Ó wálé, ó kọjú sí ògiri, kò sì kúrò níbẹ̀. Kì í wẹ̀ àfi tí mo bá pariwo mọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá títí, ó rẹ̀ wọ́n. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá máa ronú pé ṣé màá bá a láàyè tí mo bá dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún àwọn tí kò tọ́jú rẹ̀ rí.

Mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Kollie pé kó bá mi fi ti Rótìmí kún un. Ó ní, "My sister, da thing for soldier-them. If I put your brother inside, wha' I will tell the other people?" Ó fi sùúrù sọ ọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe é fún mi, kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ fún àwọn yòókù tó ń wá bẹ òun. Inú bí mi sí i gan-an. Inú bí mi sí gbogbo sójà tó wà ní Monrovia.

Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀gbẹ́ni Kollie lọ ra ìdè àti bẹ́líìtì ní Randall Street, mo fi kẹ̀kẹ́ gbé Rótìmí wá síbi iṣẹ́. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dánrawò ni. Mo fi P.O.P. wé e, mo bọ́ ọ, mo gbé èèpo náà pamọ́ sínú àpò sìmẹ́ǹtì lábẹ́ tábìlì mi. N kò kọ orúkọ kankan sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lọ́jọ́ náà pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ǹ bá ní n kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò fẹ́ lọ ni mo tó ṣe ti Bàbá Sójà, torí ibà dá wọn dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjò ń rọ̀, P.O.P. kò tètè le. Wọ́n lọ tán, èèpo náà fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kollie ti lọ sí ìlú wọn lọ sìnkú, mọ́tò yóò sì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀rù bà mí. Mo ro pé bí àyè wọn bá ṣófo nínú àpótí, wọ́n á sọ pé n kò mọ iṣẹ́. Mo yọ ti Rótìmí jáde, mo fi omi rẹ ara rẹ̀ kó lè gba ìṣó, mo sì kọ orúkọ Bàbá Sójà sí i. Mo tò ó mọ́ àwọn yòókù.

Nígbà tí àwọn ẹsẹ̀ náà dé láti Accra, a pe àwọn tó ni wọ́n. Bàbá Sójà wọ sòkòtò tí wọ́n lọ̀, wọ́n mú bàtà méjì dání. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí wọ́n ti gé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ti fi páálíìṣì kùn ún. Ọ̀gbẹ́ni Kollie fẹ́ wọ ẹsẹ̀ náà fún wọn, kò wọlé. Bàbá Sójà tóbi lára, Rótìmí tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi pàúdà sí i, ó tún gbìyànjú, kò wọlé náà.

Báńdéèjì kan wà tí a máa ń fún wọn kí wọ́n máa fi di ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà kó má baà wú. Ọ̀gbẹ́ni Kollie wo ẹsẹ̀ tó ti Accra dé, ó wo ẹsẹ̀ Bàbá, ó ní, "Oldman, you wasn't tying it." Ó ti gbà pé Bàbá kò di báńdéèjì náà, ni ẹsẹ̀ fi wú ju ìwọ̀n lọ. Bàbá Sójà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òótọ́ ni, pé àwọn ọjọ́ kan wà tí ooru mú tí àwọn kò dì í. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èmi náà pé àwọn fi iṣẹ́ mi ṣòfò.

Mo ní kò sí wàhálà, Bàbá. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

A gbé ẹsẹ̀ náà wọ àwọn sójà yòókù tí kò tíì rí gbà, kò bá ẹnì kankan mu. N kò dárúkọ Rótìmí. Mo dúró kí ẹlòmíì dárúkọ rẹ̀. Màmá Pásítọ̀ ló wọlé wá, tí wọ́n ní ṣé kí irú ohun báyìí wá máa ṣòfò, ṣebí Rótìmí wà nílé. Ọ̀gbẹ́ni Kollie ronú díẹ̀, ó gbà. Nígbà tí wọ́n mú Rótìmí wá tó sì wọ̀ ọ́ fún un, ó wọlé ṣìnkún. Ọ̀gbẹ́ni Kollie fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá Pásítọ̀ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀lé e, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ bíi tiwa. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Wọ́n ní Ọlọ́run ló wọn ẹsẹ̀ náà láti òkè. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Rótìmí rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ láti jẹ́rìí, gbogbo ìjọ dìde. Bàbá Sójà fi ọ̀pá méjèèjì ti ara wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà fún un bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó wọ aṣọ tuntun: "Wàá lò ó gbó, wàá tún lo òmíràn." Gbogbo ìjọ ní àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Pásítọ̀ wa ti sọ ìtàn náà ní gbogbo ẹ̀ka ìjọ tí wọ́n ti pè wọ́n láti wàásù. Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ń sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ padà sí ibì kan kí n tó tẹ̀síwájú. Mo ti ń kọ èyí láti àná, n kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ lókè pé èèpo Bàbá Sójà fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Irọ́ ni. Ó pẹ́ kó tó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó le. Èèpo tó dára ni. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo gbé e sílẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Mo gbá àfọ́kù rẹ̀ sínú gọ́tà kí òjò gbé e lọ. Mo ti rò ó tán kí n tó ṣe é: kò ní bá Bàbá mu, wọn kò ní fẹ́ kó ṣòfò, wọ́n á wá ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé ní ẹsẹ̀ òsì. Ẹ wò ó, àní níbi tí mo ti ní kí n jẹ́wọ́, mo tún ń wá ibi tí màá fara pamọ́ sí. Mo mọ̀ pé mo lè pa á rẹ́ kí n tún un kọ. Mo fi í sílẹ̀ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Ohun tí n kò rò ni Bàbá Sójà fúnra wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú, wọ́n á pariwo, wọ́n á sì gba òmíràn lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ á parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kollie ní kí wọ́n ní sùúrù kí ẹsẹ̀ náà fọn padà ná, kí àwọn tó ń tọ́jú tiwọn kọ́kọ́ gbà. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ náà sórí itan mi, wọ́n á ní kí n bá àwọn dì í, torí ọwọ́ tàwọn kò le tó. Bí mo bá ń dì í, wọ́n á ní, "Fà á le sí i, ọmọ mi." Bí mo bá ní ó ti tó, wọ́n á tún ní kí n fà á.

Èmi ni mo ń dì í. Ẹ gbọ́ mi yé. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ náà rí. Kò wú. Mo mọ̀, mo sì ń dì í. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí n mú téèpù kí n wọ̀n ọ́n, wọ́n á bi mí bóyá ó ti dín kù. Màá ní ó ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Inú wọn á dùn, wọ́n á kì mí lóríkì ìdílé wa tí bàbá mi kọ́ wọn, wọ́n á gbé ọ̀pá wọn, wọ́n á lọ.

Ọ̀rọ̀ ì bá wà láàárín èmi àti ẹ̀rí ọkàn mi bẹ́ẹ̀ títí, bí kò bá sí ti òfin yìí. Àwọn aṣòfin ń gbé àbá kan yẹ̀ wò, pé kí ìjọba máa tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì: ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ìrànlọ́wọ́ ní àdúgbò tí oníkálukú ń gbé. Wọ́n fi àwọn tó wá láti ìlú mìíràn tí wọ́n sì kù síbí náà kún un. Àwọn sójà ọmọ Liberia ló jà fún ìyẹn, wọ́n ní Bàbá Sójà àti irú wọn kì í ṣe àlejò mọ́. Ìgbìmọ̀ kan wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Clara Town láti gbọ́ tẹnu wa. Gbogbo wa lọ. Wọ́n ní kí Bàbá Sójà sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tó wá láti ìta.

Mo rò pé ọpẹ́ ni wọ́n fẹ́ dú. Wọ́n dìde, wọ́n fi ara ti ọ̀pá wọn, wọ́n ní, "My people, I na coming lie to y'all. Da leg y'all give me, I spoil it myself. I wasn't tying it. So make the law strong, ya, so the next man will take care."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò ní purọ́, pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn ba ẹsẹ̀ tí wọ́n fún àwọn jẹ́, kí òfin náà le, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa tọ́jú tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kò tíì rí olóòótọ́ èèyàn báyìí. Ó ní wọ́n á fi í sínú àbá náà pé sójà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá bá a mu nítorí àìbìkítà kò ní gba òmíràn mọ́. Bàbá kan tó ń jẹ́ Flomo, sójà ọmọ Liberia tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tirẹ̀ ń há a, dìde ní ẹ̀yìn. Ó ní, "Da who will judge it? I tie my own every day, still it hurting me." Ó ń bi wọ́n pé ta ni yóò dá a lẹ́jọ́, nígbà tí òun ń di tòun lójoojúmọ́ tó ṣì ń dun òun. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ẹ wo ará Nigeria tí a gbé wọlé, òun ló wá ba tiwa jẹ́. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn á padà wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn yẹn nìkan, kí wọ́n tó mú un lọ sílé aṣòfin.

Èmi àti Bàbá Sójà jọ wọ kẹ̀kẹ́ kan náà padà. Bàbá Sójà kí Flomo lójú ọ̀nà, Flomo kò dáhùn. Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wọ́n, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Bàbá gbé ọ̀pá wọn sórí itan, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, àbí mo ti sọ̀rọ̀ jù?" Mo ní, "Rárá, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti nísinmi. Ṣé ẹ mọ ohun tí Bàbá Sójà wá gbà lérò? Wọ́n ní bí àwọn aṣòfin bá fi máa padà dé, kí ẹsẹ̀ àwọn ti fọn, kí àwọn lè fi hàn wọ́n pé èèyàn lè ṣàṣìṣe kó sì tún un ṣe, bóyá wọ́n á yọ gbólóhùn náà kúrò, bóyá Flomo á tún máa bá àwọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń dì í mọ́. Wọ́n ń dì í fúnra wọn nílé, wọ́n tún ń fi okùn so báńdéèjì náà le. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá tí mo tú u, awọ ibẹ̀ ti dúdú, egbò ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì ìjọ wa wò ó, ó ní bí wọn kò bá jáwọ́, wọ́n lè ní láti tún un gé, lókè orúnkún lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní sójà ni àwọn. Nọ́ọ̀sì náà lọ tán, wọ́n na ẹsẹ̀ náà sí mi.

Mo sì dì í, ẹ jọ̀ọ́. Mo rọra dì í, ṣùgbọ́n mo dì í.

Ẹ ó bi mí pé Rótìmí ńkọ́. Rótìmí ń ta ike àti bàsíà ní Waterside báyìí. Ó ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ó ń rìn débi pé àlejò kò ní mọ̀. N kò sọ fún un rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rí tó jẹ́, ó bi mí pé, "Sista mi, P.O.P. tí ẹ fi ẹsẹ̀ mi dánrawò níjọ́sí, ibo lẹ gbé e sí?" Mo ní mo ti dà á nù. Ó wò mí, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Kò bi mí mọ́ láé. N kò mọ ohun tó mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i pé kì í gba ibi tí Bàbá Sójà ń dúró sí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà.

Àwáwí mi rèé, mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún yín. Èmi ni mo tọ́ ọ. Àbúrò mi ń kú lọ lójú mi. Bí wọ́n bá sì gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kò lè wúlò fún Bàbá Sójà, kò lè wúlò fún ẹnì kankan. Mo ti fi àwáwí yìí tu ara mi nínú fún ìgbà pípẹ́. Ó ti ṣá báyìí. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni mo mú lọ lọ́wọ́ Bàbá. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà pé aláìbìkítà èèyàn ni wọ́n, wọ́n sì lọ sọ ọ́ níwájú ìjọba.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á ti Pásítọ̀ wa ní gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ ìtàn ìyanu náà. Àwọn tó ń fi ohun èlò ránṣẹ́ lè ti ibi iṣẹ́ wa pa, Ọ̀gbẹ́ni Kollie tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á sì bá a lọ. Rótìmí lè padà kọjú sí ògiri. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, òfin á di òfin, wọ́n á sì gé Bàbá lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Mo ti gbààwẹ̀ náà. Ẹ má sì sọ fún mi pé Ọlọ́run ti dárí jì mí, torí Ọlọ́run kọ́ ni mo di báńdéèjì mọ́ lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ sọ fún mi ta ni kí n kọ́kọ́ bá. Ṣé Rótìmí ni, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì? Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Kollie ni? Àbí kí n dúró kí àwọn aṣòfin dé, kí n dìde nínú gbọ̀ngàn níṣojú Flomo àti gbogbo wọn, kí n sọ ọ́ níbi tí Bàbá ti fi ẹnu ara wọn ba orúkọ ara wọn jẹ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti fẹ́ pé. Bàbá Sójà á jókòó síwájú mi, wọ́n á na ẹsẹ̀ náà sórí itan mi, wọ́n á ní kí n fà á le sí i. Ohun kan ṣoṣo ni mo ti pinnu, pé n kò ní dì í mọ́. Màá ká báńdéèjì náà, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, kí ló dé?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn tó yẹ kí n fi dá wọn lóhùn, mo ti wá a títí, n kò rí i. Ẹ bá mi wá a.